Bí Sílaṣà Bá Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Katakata: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ sí í Wá Ìdí Rẹ̀

Sílaṣà, ẹ̀rọ alábẹ tí katakata ń gbé tàbí wọ́ lẹ́yìn láti gé koríko, máa ń pariwo bó bá ń gé dáadáa, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa gbọ̀n débi pé ọwọ́ awakọ̀ á kú tipiri lórí sítíárì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti gbà pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Rárá o. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, nǹkan kan ń jẹ lára rẹ̀. Ọ́ìlì síìlì á kọ́kọ́ máa jò, bẹ́ríìnì gíábọ́ọ̀sì (àpótí jíà tó ń yí abẹ) á tẹ̀lé e, kírọ́ọ̀sì (oríkèé alápá mẹ́rin lára ọ̀pá tó ń gbé agbára katakata dé sílaṣà) á sì já láàárín oko lọ́jọ́ kan, lásìkò tí òjò ti mú eèsún ga ju ènìyàn lọ tí àwọn oníbàárà sì tò dúró.

Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ń fi katakata gé koríko lóko ọ̀pẹ àti oko káṣú, ní pápá ilé ẹ̀kọ́, tàbí lórí ilẹ̀ tí ewé Akíntọ́lá ti bò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé orí abẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn katakata. Gíábọ́ọ̀sì ni kó kẹ́yìn. Abẹ tí kò dọ́gba, ṣáàfùtì (ọ̀pá tó ń gbé agbára yẹn) tí wọ́n tò lódì, àti igun tí kò bá ara mu ló sábà máa ń fa gbígbọ̀n yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba owó gíábọ́ọ̀sì tuntun.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

PTO ni ọ̀pá kúkúrú tó ń yí lẹ́yìn katakata láti fi agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹ̀rọ mìíràn. Èyí tó pọ̀ jù lọ lẹ́yìn katakata tiwa ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ènìyàn tó pariwo "yé!", apá aṣọ rẹ̀ ti wé mọ́ ṣáàfùtì nígbà mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹ yọ PTO kúrò nínú jíà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara yín, ẹ sì dúró títí abẹ yóò fi dákẹ́ pátápátá. Abẹ sílaṣà wúwo, ó máa ń yí lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Bí ẹ bá máa wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì fi igi líle tàbí irin ti igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé agbára ọ́ìlì tó gbé e sókè. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ lífà, tàbí tí họ́ọ̀sì kan bá bẹ́, gbogbo irin yẹn ló ń bọ̀ nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìgbà wo ló ń gbọ̀n?

Ẹ kọ́kọ́ bi awakọ̀ léèrè, torí òun ló jókòó lé e lórí. Bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn tó gba kùkùté tàbí òkìtì ọ̀gán, abẹ ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n tú ṣáàfùtì láti tún un ṣe ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tò ó lódì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá gbé sílaṣà sókè nìkan ló ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ igun ni. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni, tó tún ń le sí i bí iná (ìyára ẹ́ńjìnnì) bá ti ń pọ̀, nǹkan kan wúwo lápá kan ju apá kejì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ṣáàfùtì kúrò pátápátá, kí ẹ wá fi PTO ṣiṣẹ́ lásán. Bí katakata bá ṣì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò kan sílaṣà rárá. Bó bá dákẹ́, ẹ dá ṣáàfùtì padà, ẹ yọ gbogbo abẹ, kí ẹ tún dán an wò, kí iná má pọ̀. Bó bá dákẹ́ láìsí abẹ, ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí PTO yí láé pẹ̀lú ṣáàfùtì tí apá kan rẹ̀ so mọ́ katakata, tí apá kejì sì wà lófìfo. Á máa fì kiri, ó sì lè fọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ẹni tó bá ní fóònù tó dára lè lo Phyphox, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ará yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe, láti mọ iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ so fóònù náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀, kó jìnnà sí ṣáàfùtì. Tí PTO bá wà ní 540, ṣáàfùtì tó wọ́ máa ń fi 9 hàn, kírọ́ọ̀sì tí igun rẹ̀ kò dára máa ń fi 18 hàn. Ẹ kíyè sára níbí: ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì sílaṣà ń sọ 540 di bíi ẹgbẹ̀rún kan ìyípo fún abẹ, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 17 àti 18 súnmọ́ ara wọn jù. Yíyọ abẹ kí ẹ sì dán an wò ló máa yanjú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Abẹ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò yín jù lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní abẹ kan kán díẹ̀ lẹ́nu, tí 100 gíráàmù péré sọ nù lára rẹ̀, ní ibi tó jìnnà tó 60 sẹ̀ǹtímítà sí àárín. Bí abẹ náà bá ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó ń fa gíábọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ìwúwo 67 kílò. Àpò sìmẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀ ò jìnnà síyẹn, bí ẹni ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ìgbà mẹ́tàdínlógún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá dín PTO kù láti 540 sí 400, agbára yẹn á dín kù sí nǹkan bí ààbọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi máa ń dín iná kù títí gbígbọ̀n á fi rọlẹ̀, tí koríko á sì wá máa fà ya dípò kó gé. Wọn ò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fì abẹ kọ̀ọ̀kan níbi tó so sí. Abẹ sílaṣà gbọ́dọ̀ lè fì síwá sẹ́yìn fàlàlà, bóòtù rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ le. Tí abẹ kan bá gba kùkùté tó sì ká sẹ́yìn, tí ìpẹtà àti koríko gbígbẹ wá dì í mọ́bẹ̀, kò ní na jáde mọ́ nígbà tí ìkejì rẹ̀ bá na. Mo ti rí i tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti ra gíábọ́ọ̀sì nítorí irú èyí, nígbà tó jẹ́ pé hámà àti díísù díẹ̀ ni wọ́n nílò láti tú abẹ náà sílẹ̀.

Ẹ wá yọ abẹ sílẹ̀, kí ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn obìnrin fi ń wọn nǹkan nínú ilé ìdáná, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, ti tó. Èmi kì í fẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín wọn ju 30 gíráàmù lọ. Ìwúwo nìkan kò sì tó. Ẹ gbé abẹ kọ̀ọ̀kan sórí páìpù kékeré kan tó dùbúlẹ̀, kí ẹ máa sún un títí yóò fi dúró láìtẹ̀ sápá kankan, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ wọn ibẹ̀ dé ojú ihò bóòtù. Bí ti àwọn abẹ méjèèjì kò bá dọ́gba, wọn ò lè dọ́gba nígbà tí wọ́n bá ń yí, kódà kí ìwúwo wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Èyí tó wúwo jù ni kí ẹ máa lọ̀, ní ẹnu tó fi ń gé. Ẹ má ṣe gbà kí wẹ́dà lẹ irin mọ́ abẹ tó kán. Iná wẹ́dà máa ń ba líle irin náà jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ á di ohun tó ń kán bí ìkòkò, irin tó bá sì fò kúrò lábẹ́ sílaṣà lè dé ibi tó jìnnà tó 100 mítà. Tí abẹ kan bá ti bàjẹ́ kọjá lílọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀. Tuntun kan pẹ̀lú ògbólógbòó kan kì í bára dọ́gba.

Kí ẹ tó dá wọn padà, ẹ yẹ ihò bóòtù wò bóyá ó ti jẹ fẹ̀, kí ẹ sì yẹ ọrùn bóòtù fúnra rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Ojú tó mú gbọ́dọ̀ kọ sí ọ̀nà tí abẹ ń yí sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Irin tó di abẹ mú

Ẹ wo òkè irin náà, níbi tó ti wọ gíábọ́ọ̀sì. Wáyà ọgbà, okùn ọ̀rá àti aṣọ àkísà máa ń wé síbẹ̀, wọ́n sì máa ń gé ọ́ìlì síìlì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ so igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ara ìbòrí sílaṣà, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpẹ̀kun irin náà. Ẹ fi ọwọ́ yí irin náà. Bí ìpẹ̀kun kan bá kọjá lára igi, tí ìkejì sì kọjá lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan kan ti tẹ̀. Ẹ tún gbá irin náà mú, kí ẹ tì í sókè sódò. Bó bá ń mì nínú gíábọ́ọ̀sì, bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ ti ń lọ. Irin tó tẹ̀ ṣeé yọ lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ léètì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin náà ni tàbí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Kírọ́ọ̀sì

Ẹ yọ ṣáàfùtì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Kí ẹ tó fà á yọ sí méjì, ẹ fi kun fa ìlà kan gba orí páìpù òde àti ti inú, kí ẹ lè mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ mú fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun kan, ìyẹn àwọn irin elétí méjì tó gbá kírọ́ọ̀sì mú, kí ẹ máa lọ́ wọn lódì sí ara wọn. Kò yẹ kó yẹ̀ rárá. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún: ó gbọ́dọ̀ lọ geere, láìsí ibi tó há tàbí ibi tó ń dún kírìkírì bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kírọ́ọ̀sì (ìdérí bẹ́ríìnì tó wà ní ẹnu apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan), gírísì ti tán níbẹ̀ tipẹ́, irin ló ń lọ irin.

Ẹni tó bá máa ra kírọ́ọ̀sì tuntun ní Àràromí ní Géètì Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kó mú ògbólógbòó dání, kó sì fi kálípà wọn ọ́n: fífẹ̀ ife, àti gígùn láti ìdí ife kan dé ìdí ife tó kọjú sí i. Kírọ́ọ̀sì 27 mìlímítà tó gùn ní 70 wà, 27 tó gùn ní 74.6 náà wà. Ojú lásán ò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan á máa jó nínú fọ́ọ̀kì, tàbí kó má wọlé rárá.

Nígbà tí ẹ bá ń ti ife wọlé, ẹ ṣọ́ àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké inú rẹ̀. Tí lọ́ọ̀kì, òrùka irin tó ń dá ife dúró, bá kọ̀ tí kò wọnú ojú rẹ̀, ẹ má fi hámà bẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ kan ti ṣubú sí ìdí ife. Ẹ fà á jáde, ẹ fi gírísì lẹ àwọn abẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ fi hámà gbá etí fọ́ọ̀kì níwọ̀nba, kí kírọ́ọ̀sì lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá fún un ní gírísì, ẹnu ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó ti yọ. Bó bá yọ ní mẹ́ta, ìkẹrin dí.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí fọ́ọ̀kì ṣe kọjú síra

Kírọ́ọ̀sì tó bá wà ní igun, tí ọ̀pá méjèèjì tó so pọ̀ kò sì wà lórí ìlà kan, kì í gbé ìyípo kọjá déédéé. Katakata lè máa yí ní 540 láìyẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà kejì kírọ́ọ̀sì á yá, á tún lọ́ra, lẹ́ẹ̀méjì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí igun rẹ̀ bá jẹ́ dígírì 10, ó ń lọ láti 532 sí 548, èyí kò tó nǹkan. Ní dígírì 30, ó ń lọ láti 468 sí 624! Kírọ́ọ̀sì kejì ni wọ́n fi síbẹ̀ láti tún ohun tí àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí àkọ́kọ́ bá yá, òun á lọ́ra, ìyípo á sì dé gíábọ́ọ̀sì ní dọ́gbadọ́gba.

Kí èyí lè rí bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lórí páìpù àárín, ọ̀kan lápá katakata, ọ̀kan lápá sílaṣà, gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà. Ẹ tẹ́ ṣáàfùtì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: bí etí fọ́ọ̀kì kan bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ìkejì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ tí ìkejì sì dúró lóòró, kírọ́ọ̀sì kejì ń fi kún wàhálà ti àkọ́kọ́ ni. Ṣáàfùtì onípáìpù igun mẹ́rin ló sábà máa ń kó ènìyàn sí èyí, nítorí ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà wọlé, méjì nínú rẹ̀ sì lòdì. Ẹ kíyè sí ṣáàfùtì tí wẹ́dà ti gé tó sì tún jó gan-an, torí bí wọ́n bá jó fọ́ọ̀kì mọ́ páìpù ní wíwọ́, kò sí bí ẹ ṣe máa tò ó tó máa dára.

Ẹ yẹ páìpù fúnra rẹ̀ wò. Ẹ gbé e sórí igi méjì tí ẹ gé ẹnu rẹ̀ bíi lẹ́tà V, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dúró súnmọ́ ọn láìmì, kí ẹ yí i. Bí ṣọ́ọ̀kì bá fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó ti wọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Páìpù tí wọ́n fi iná nà kì í dúró.

Ìgbésẹ̀ 6: Gígùn

Ṣáàfùtì tó gùn jù máa ń kan ìdí nígbà tí sílaṣà bá gòkè tàbí tó bá sọ̀ kalẹ̀, á sì máa ti bẹ́ríìnì PTO àti ti gíábọ́ọ̀sì. Èyí tó kúrú jù á máa mì, ó sì lè já bọ́. Ẹ máa gbé sílaṣà sókè sódò láìtan PTO, kí ẹ wá ibi tí ṣáàfùtì ti kúrú jù lọ: ó gbọ́dọ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 4 kó tó kan ìdí. Níbi tó bá ti gùn jù lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta páìpù ni kó wà nínú ara wọn. Bí ẹ bá máa gé e, iye kan náà ni kí ẹ gé lára páìpù òde, páìpù inú àti ìbòrí ike méjèèjì. Ẹ fi fáìlì lọ ẹnu ibi tí ẹ gé, ẹ nù ú, kí ẹ kùn ún ní gírísì.

Ìgbésẹ̀ 7: Igun

Ọ̀pá PTO àti ọ̀pá tó wọ gíábọ́ọ̀sì sílaṣà gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà nígbà iṣẹ́, kí ọ̀kan má dagẹ̀rẹ̀ ju ìkejì lọ. Bí ọ̀pá PTO bá tẹ́jú, ti gíábọ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí igun kírọ́ọ̀sì méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ gbé katakata sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ sọ sílaṣà kalẹ̀ dé ibi tó ti ń gé, kí ẹ fi lẹ́fẹ́lì àwọn bíríkìlà tàbí èyí tó wà nínú fóònù wọn àwọn ọ̀pá méjèèjì.

Tọ́ọ̀pù líǹkì, ọ̀pá òkè tó so sílaṣà mọ́ katakata, ni ẹ máa fi tún un ṣe. Bí iwájú sílaṣà bá dorí kodò jù, ẹ fa tọ́ọ̀pù líǹkì gùn, kí ẹ̀yìn lè sọ̀ kalẹ̀. Kí iwájú fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ dára fún gígé koríko, ìyàtọ̀ dígírì kan péré lèyí sì máa ń mú wá. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ púpọ̀ ni kí ẹ yẹra fún.

Ohun tó ń ba kírọ́ọ̀sì jẹ́ jù lójoojúmọ́ ni pé awakọ̀ á rí òkìtì ọ̀gán, á gbé sílaṣà sókè fíofío, PTO ṣì ń yí. Bí sílaṣà ṣe ń gòkè ni igun ń pọ̀ sí i, tí méjèèjì kò sì dọ́gba mọ́. Ẹ yọ PTO kúrò nínú jíà kí ẹ tó gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi ìdènà sí ojú lífà kó má lè kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Fún sílaṣà tó ń wọ́ nílẹ̀ tó sì ní táyà tirẹ̀, ẹ rí i pé láti ẹnu PTO 540 dé ihò pínnì tó fà á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35.

Ìgbésẹ̀ 8: Gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ tó dán an wò

Ẹ le gbogbo bóòtù tó di gíábọ́ọ̀sì mọ́ ìbòrí, kí ẹ wá ibi tí irin ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ẹ sì wo ọ́ìlì rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń dán bíi fàdákà, irin ti ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ lé gbogbo ènìyàn jìnnà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná kékeré, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 540 tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí i pé ó dára ní iná kékeré tó sì ń gbọ̀n bó bá dé 540, ẹ padà sórí abẹ kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Lẹ́yìn wákàtí kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa á, kí ẹ tún le bóòtù abẹ, torí abẹ tuntun máa ń jókòó sínú ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni kí ẹ máa fún kírọ́ọ̀sì àti páìpù tó ń wọnú ara wọn ní gírísì. Kí ẹ sì dá ìbòrí ike ṣáàfùtì padà pẹ̀lú ṣéènì rẹ̀ tó ń dì í mú, kódà bó ti wù kó pẹ́ tó tí wọ́n ti yọ ọ́ jù sí ẹ̀yìn ilé.